Àwọn Tí A Lé Dà?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan nípa àwọn ọmọ tí ilé-ìwé ń lé nítorí oògùn olóró kò jẹ́ kí n gbádùn. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló bi í níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, ní ilé-ìwé girama kan níhìn-ín ní Kàbà. Kò fi ìbínú bi í, kò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Nínú gbogbo àwa tí a jókòó síbẹ̀, títí kan àwọn tó ń gba owó oṣù nítorí ìmọ̀, kò sẹ́ni tó rí i dáhùn.

Ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogí, lásìkò yìí. Wọ́n ká ọmọkùnrin mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn yàrá sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú kolorádò, kẹ́míkà tí wọ́n ń fà bí igbó, tí wọ́n dì sínú ìwé. Ọ̀kan wà ní SS2, àwọn méjì yòókù ń múra WAEC. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ti pinnu pé kí wọ́n máa lọ ilé wọn, wọ́n kàn fẹ́ kí àwa òbí fọwọ́ sí i ni.

Bàbá kan dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lé akátá jìnnà ná, ká tó padà wá bá adìẹ wí." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun dìde ní tirẹ̀, ó ní ìwà ọmọdé ló ń ṣe wọ́n. Ó ní òun náà fà á nígbà tí òun wà ní géńdé, pé bí wọ́n bá dàgbà tán wọ́n á fi í sílẹ̀ fúnra wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pòṣé. Ibẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti nawọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Àwọn tí ẹ ti ń lé láti ọjọ́ yìí wá, ibo ni wọ́n wà báyìí? Ṣé wọ́n fi í sílẹ̀, àbí wọn ò fi í sílẹ̀?"

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé fa ìwé kan yọ láti inú dúrọ́ọ̀, ìwé gbọọrọ onípáálí dúdú tí etí rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo sì rí ohun tó wà níbẹ̀. Orúkọ, kíláàsì, ẹ̀ṣẹ̀, déètì, ìbuwọ́lù. Ojú ìwé lórí ojú ìwé, bírò búlúù, bírò dúdú, ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀gá kan tẹ̀lé ti ọ̀gá mìíràn. Lẹ́yìn ìbuwọ́lù, kò sí nǹkan kan mọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí láti ẹnu. Èyí, wọ́n ní ó wà ní Àbújá. Èyí ti kú. Èyí, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó wà lójú ọ̀nà Òkènè. Èyí, àh, mi ò mọ̀. Èyí, mi ò mọ̀.

"Mi ò mọ̀" ló pọ̀ jù. A sì ń fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi orúkọ mẹ́ta kún un.

Ẹni tó ń ka mọ́tò ní oríta

Nàìjíríà kò ṣaláìní ìṣirò. Ní 2017, NBS, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, àti UNODC, àjọ tó ń rí sí ọ̀ràn oògùn olóró fún Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, ìyẹn 14.4 nínú 100. Igbó ló ṣáájú, mílíọ̀nù 10.6. Ẹkùn Àárín Gbùngbùn Àríwá, níbi tí wọ́n ka Kogí sí, wà ní 10 nínú 100, Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn sì wà ní 22.4. Àwa ará Òkun tí ìṣèlú gbé sí àríwá, tí èdè gbé sí gúúsù, kí kálukú mú èyí tó bá wù ú níbẹ̀.

Nínú ìwádìí yìí kan náà, wọ́n rí i pé ẹni 1 nínú ẹni 5 tó lo oògùn ni lílò ọ̀hún ti di àìsàn sí lára. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ẹni 4 tó kù, nítorí orí wọn ni gbogbo àríyànjiyàn wa níbi ìpàdé yẹn dá lé láìjẹ́ pé a mọ̀.

Ṣùgbọ́n kíkà lásán kò lè dá ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lóhùn. Ẹni tó dúró ní oríta Kàbà tó ń ka mọ́tò lè sọ fún ọ pé báyìí-báyìí ló kọjá láàárọ̀. Kò lè sọ èyí tó dé Ọ̀mùò láyọ̀ àti èyí tó takìtì sínú kòtò lẹ́yìn Ìyámọyè. Bó bá fẹ́ mọ ìyẹn, àfi kó wọnú mọ́tò kó bá wọn lọ.

Àwọn kan wọnú mọ́tò. Ní 1975, Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Monitoring the Future. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá girama, tí wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n ń mu, ohun tí wọ́n ń fà, àti ohun tí wọ́n ń gbé mì. Nínú kíláàsì ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣa bíi 2,450 sọ́tọ̀, wọ́n sì ń tẹ̀lé wọn: ọdún méjì-méjì títí wọ́n á fi pé 30, lẹ́yìn náà ọdún márùn-ún márùn-ún. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí Ọbásanjọ́ ṣì wà lórí àlééfà nínú aṣọ sójà ti lé ní 60 báyìí, fọ́ọ̀mù sì ń bá wọn délé ní gbogbo àárín ìgbà yẹn.

Ti Dunedin ní New Zealand tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ 1,037 tí wọ́n bí ní ìlú yẹn láàárín 1972 sí 1973 ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì ń pè wọ́n padà lóòrèkóòrè títí wọ́n fi di ẹni tó ń wú irun funfun. Nígbà tí wọ́n pé 38, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó ṣì wà láàyè ló yọjú. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tí a kì í rí ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ ìlú níbi ìpàdé ọdún!

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Irú ìwádìí yìí ń wo méjèèjì pọ̀, ohun tó sì rí kò bá ẹnu bàbá tó pa òwe akátá mu. Kò bá ti ẹ̀gbọ́n sójà náà mu.

Ohun tí ọmọ ọdún 18 gbé dé 50

Ní 2022, àwọn olùwádìí kan tí Sean Esteban McCabe ṣáájú fún tẹ àbọ̀ kan jáde láti inú àkọsílẹ̀ Michigan yẹn. Àwọn tó lé ní 5,000 tó parí girama láàárín 1976 sí 1986 ni wọ́n wò, láti ìgbà tí wọ́n wà ní 18 títí wọ́n fi dé 50.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni bí wọ́n ṣe béèrè. "Ṣé o fà á?" nìkan kọ́. Wọ́n ka àmì. Ṣé o ti gbìyànjú àtifi í sílẹ̀ tí kò ṣeé ṣe? Ṣé ó ń pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ nígbàkigbà tí o bá bẹ̀rẹ̀? Ṣé o ti pa iṣẹ́ tì, tàbí ilé-ìwé, tàbí bọ́ọ̀lù tí o fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, nítorí rẹ̀? Ṣé ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìwọ àti àwọn òbí rẹ, síbẹ̀ tí o kò dáwọ́ dúró? Irú àwọn nǹkan báyìí ni àwọn oníṣègùn fi ń mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án yàtọ̀ sí ẹni tó ti kó sí i lọ́wọ́. Wọ́n ní àmì 2 tàbí 3 ṣì fúyẹ́, àmì 6 lọ sókè ti wọra.

Ohun tí wọ́n rí nìyí: nínú 100 àwọn tó ní àmì 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n wà ní 18, ó lé ní 60 tó ṣì ní ó kéré tán àmì 2 nígbà tí wọ́n wà láàárín 35 sí 50. Ọmọ tí ọ̀ràn náà ti wọ̀ lára ní SS3 kò ní fi í sílẹ̀ nítorí pé irùngbọ̀n hù sí i lágbọ̀n. Ibí ni ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n sójà ti já.

Ti bàbá tó pa òwe akátá náà já níbẹ̀. Àwọn tí àmì wọn kò pọ̀ ní 18, èyí tó pọ̀ nínú wọn kò bá a lọ títí ọjọ́ alẹ́. Kódà nínú àwọn tó wọra pàápàá, àwọn kan jáde. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá ọmọ mẹ́ta lẹ́jọ́ kọ́kọ́ mọ iye àmì tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa kò béèrè. Lẹ́yìn ìpàdé ni olùkọ́ kíláàsì kan ń sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ WAEC yẹn ti ta jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nílé wọn, pé ó ti tó bíi sáà kan tí kì í wá sí kíláàsì àárọ̀. Èyí tó wà ní SS2 ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wọn. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n tẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ nìkan ni wọ́n pa dà.

Ti ọpọlọ, tí wọn ò tíì bá ara wọn gbọ́

Àwọn kan yóò ní kí n sọ ti ọpọlọ. Mà á sọ ọ́, àmọ́ mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé àwọn olùwádìí fúnra wọn ṣì ń jà lé e lórí.

Ní 2012, àwọn ará Dunedin sọ pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ igbó láti kékeré tí ó sì di bárákú sí wọn lára fún ọ̀pọ̀ ọdún pàdánù tó máàkì 8 nínú ìdíwọ̀n làákàyè (IQ) wọn láàárín ìgbà èwe sí 38. Àwọn tó dàgbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kò rí irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ìròyìn yẹn tàn káyé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan láti Norway bi wọ́n bóyá òṣì ló fa ohun tí wọ́n rí. Nígbà tó di 2016, àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà wo àwọn ìbejì: ọ̀kan fa igbó, èkejì kò fà á. Kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín Táyé àti Kẹ́hìndé. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ni pé inú ilé tí wọ́n jọ dàgbà ni àdánù náà ti wá, ó kéré tán ní apá kan.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí ju ti làákàyè lọ ni ti Sweden. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin 45,570 tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ológun ní 1969 àti 1970 ni wọ́n tẹ̀lé fún ọdún 15. Bí àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia ṣe mú àwọn tó ti fa igbó ju ìgbà 50 lọ kí wọ́n tó wọṣẹ́ tó ìlọ́po 6 bó ṣe mú àwọn tí kò fà á rárá. Àwọn tí kò ní àrùn náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fà á, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlọ́po 6 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú fò.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi kún un fún àwọn òbí. Ewé igbó ni gbogbo ìwádìí ti ọpọlọ wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀ lé lórí. Kolorádò tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wa kì í ṣe igbó. Kẹ́míkà tí èèyàn pò ni, tí wọ́n fọ́n sára ewé gbígbẹ, agbára rẹ̀ lè ju ti igbó lọ fíìfíì, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú èyí tó rà. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé "bí igbó náà ni" kò mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn sójà tó ti Vietnam dé

Ibi tí ìbéèrè ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti yí lọ́kàn mi nìyí, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ogun ló yí i.

Ní 1971, ẹ̀rù ba ìjọba Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọkùnrin wọn tó wà lójú ogun ní Vietnam, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé 25, ń lo oògùn olóró heroin bí ẹni ń fa sìgá, nítorí pé ó pọ̀ níbẹ̀, kò wọ́n, kò sì lábùlà. Wọ́n ń bọ̀ wálé. Kí ni wọ́n ó ṣe sí ìlú? Ìjọba Nixon bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìtọ̀ wọn wò kí wọ́n tó wọ bàálù, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún obìnrin olùwádìí kan, Lee Robins, pé kó tẹ̀lé wọn délé.

Robins bá a pé nǹkan bíi 20 nínú 100 àwọn sójà náà ló ti di bárákú sí lára ní Vietnam. Gbogbo ayé ń retí pé wọ́n á máa bá a lọ nílé. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, 5 péré nínú 100 àwọn tó ti di bárákú sí lára ló tún padà di bárákú sí lára. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, 12 nínú 100 ló ti tún di bárákú sí lára rí, àwọn mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Obìnrin náà lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àtiṣàlàyé pé bí òun ṣe bá a nìyẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Heroin kan náà ni, ara kan náà ni. Ohun tó yí padà ni ibi tí wọ́n wà. Nílé, ẹni tó ń tà á kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Nílé, owó gọbọi ni, ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Nílé, ìyàwó wà, bàbá wà, iṣẹ́ wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ jí lọ, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń fà á sì ti fọ́n ká. Òótọ́ ni pé àwọn tó ti ń lo nǹkan kí wọ́n tó lọ sógun rí i pé àtijáde le fún wọn ju fún àwọn yòókù lọ, èyí sì bá ohun tí McCabe rí mu. Ṣùgbọ́n ilé ṣiṣẹ́ tí ẹ̀rù àti ìwàásù kò ṣe.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ń ronú lórí ìwé dúdú yẹn. Robins sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n mú kúrò níbi tí oògùn wà tí wọ́n dá padà sílé. Kí ni àwa ń ṣe bí a bá lé ọmọ ọdún 16 kúrò nílé-ìwé ní ọjọ́ Túsìdeè? À ń mú un kúrò níbi tí agogo ti ń lù, níbi tí olùkọ́ ti ń pe orúkọ, níbi tí oògùn ti jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ sẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì, à ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á lójú gbangba. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Wẹ́sìdeè, bàbá rẹ̀ ti lọ oko, ìyá rẹ̀ ti lọ ọjà. Garéèjì ló ṣí sílẹ̀. Ní apá Yàgbà, kòtò góòlù náà ṣí sílẹ̀, tírámọ́, oògùn ìrora tramadol, sì ni àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fi ń gba ara wọn dìde. Vietnam la ń rán an lọ.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n wẹ́dà sọ

Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ inú ìwé dúdú yẹn, mo mọ ibi tí ó wà. Géètì ilé wa sì ti ń ké tipẹ́. Mo gbé e lọ sí ojú ọ̀nà Òkènè.

"Òkun o, ẹ̀gbọ́n."

"Òkun o. Gbé e síbẹ̀ yẹn."

Ó ti lé ní 40. Ó ti dígí dúdú wẹ́dà sí iwájú orí bí fìlà, ó sì ń ṣa ìdí elékíturóòdù tó kù sínú agolo mílíìkì kan. Ó ní wọ́n ṣì ṣeé lò fún iṣẹ́ kékeré. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló ń lọ irin nítòsí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, mo bá sọ ti ìpàdé fún un bó ṣe rí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Ṣé orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà níbẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n lé mi gan-an ni mo di ọmọ garéèjì? Ṣáájú ìgbà yẹn, Sátidé nìkan ni mo máa ń lọ síbẹ̀. Wọ́n lé mi ní Mọ́ńdè, ní Túsìdeè mo wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn nìkan ni kò bi mí pé kí ni mo ṣe."

Ìgbà tí ó yá, àbúrò bàbá rẹ̀ kan wá mú un lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, ó fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá wẹ́dà kan. Mo béèrè bóyá ọ̀gá náà ló wàásù fún un tó fi yí padà. Ó ní ọ̀gá ọ̀hún kì í sọ̀rọ̀, kì í fún un lówó lọ́wọ́ nìkan ni, oúnjẹ ló ń fún un, ó sì ń tì í mọ́ iṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. "Ní Ẹ̀gbẹ̀, mi ò mọ ẹni tó ń tà á. Kí n tó wá mọ̀ ọ́n, ó ti kúrò lára mi." Ó ní òun ṣì ń mu ọtí níbi ìnáwó, kí n má fi òun ṣe wòlíì. Ó tún ní kí n má fi orúkọ òun sí ohunkóhun tí mo bá kọ, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i níbí.

Ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ìwádìí. Àwọn tó bá garéèjì lọ tí wọn kò padà, mi ò lè gbé géètì lọ bá wọn kí wọ́n sọ tiwọn. Mo kọ ti ẹ̀gbọ́n yìí sílẹ̀ nítorí pé ọ̀nà méjèèjì ló gbà: ibi tí wọ́n lé e sí mú kó burú sí i, ibi tí ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sì mú kó rọlẹ̀.

Àwọn ará Michigan náà rí ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí àwọn tí wọ́n ń tẹ̀lé bá fẹ́yàwó tàbí lọ́kọ, tàbí tí wọ́n bímọ, ọtí mímu àti oògùn wọn máa ń dín kù. Nígbà tí wọ́n bá fi ilé sílẹ̀ lọ yunifásítì, ọtí àmupara máa ń pọ̀ sí i. Kí ìyá kankan má torí èyí sáré fẹ́yàwó fún ọmọ rẹ̀ tó ń fa kolorádò o. Ẹni tó rí ìyàwó tó sì fọwọ́ mú un ti lè jẹ́ ẹni tó ń sàn tẹ́lẹ̀. Àti pé, ọmọ ta ni ẹ fẹ́ fi tọ́ ọ wò?

Àwọn tó kù ní kíláàsì ńkọ́?

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tí mo bá jíròrò gbé ìbéèrè tó le jù kalẹ̀, kò sì yẹ kí n fò ó. Ó ní, "Ọmọ 40 ló wà nínú kíláàsì yẹn. Bí mo bá fi ẹni tó ń tà á sílẹ̀ láàárín wọn, kí ni kí n sọ fún àwọn òbí 39?" Kò ṣìnà. Ọ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbà á, kì í ṣe ọwọ́ àjèjì. Ẹni tó bá ń gbé e wọ inú ọgbà wá tà, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún un pé kó máa sùn nínú ọgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ọmọ SS2 tó fà á ní ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe oníṣòwò. Ó lè máa ti ilé wá, kó máa jókòó níwájú, kí olùkọ́ kan máa rí i láràárọ̀. Ọmọ jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀ nílò ọsibítù kí ó tó nílò ẹjọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó wá jókòó ṣe WAEC rẹ̀, ì báà jẹ́ láti ilé ló ti ń wá. Bí a bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a máa ń fi tòsì fà á mọ́ra, ọwọ́ òsì yẹn sì ni owó àti wàhálà wà. Ìwé lílé kò ná ilé-ìwé ju bébà kan lọ. Títẹ̀lé ọmọ ń ná wọn ní olùkọ́ kan tí yóò máa pe fóònù.

Ohun tí mo sì fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé wa kéré. Kí wọ́n fa ìlà kan sí i nínú ìwé dúdú yẹn, lẹ́yìn ìbuwọ́lù. Lọ́dún kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan pe òbí ọmọ náà, kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀: ibi tó wà, iṣẹ́ tó ń ṣe, bóyá ara rẹ̀ le. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde tó ń dá owó kọ́ géètì tuntun lórí WhatsApp lè ṣe é láìná kọ́bọ̀, wọ́n mọ nọ́ńbà ara wọn. Ìṣòro tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kì í fi orúkọ ẹni tí wọ́n lé kún orúkọ wọn, bí ẹni pé kò jókòó ní kíláàsì rí.

Ní kẹ́mísì

Apá kan ìwádìí 2022 yẹn kò kan ọmọ ilé-ìwé mọ́, àwa àgbà ló kàn. Wọ́n rí i pé àwọn tí àmì wọn pọ̀ ní 18 ni ó ṣeé ṣe jù fún, láàárín 35 sí 50, láti máa lo oògùn ìrora àti oògùn oorun, àti láti máa lò ó kọjá bí dókítà ṣe sọ. Ìjọba fòfin de omi ikọ́ oníkodéènì ní 2018, tírámọ́ sì wà lábẹ́ òfin tirẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ ebè ní oṣù Kejì mọ̀ pé wọn kò ṣòro rí.

Kẹ́mísì kan wà tí mo ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá mi. Bí ọkùnrin kan bá dé láti oko tó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ìbéèrè méjì ni wọ́n ń bi í: ṣé ó ti jẹun, àti èló ni kí wọ́n gé fún un. Mo ti bá ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ sọ ọ́ pé kó fi ẹyọ kan kún un, kó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá bàbá náà ti lo nǹkan kan rí nígbà èwe rẹ̀ tó ṣòro fún un láti fi sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọ́n á bú mi o." Mo ní ẹlòmíràn á bú u, ẹlòmíràn á dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó má gé tírámọ́ fún un, kó kọ orúkọ ọsibítù fún un sórí bébà, kó sì fún un ní parasitamọ́ọ̀ tó máa gbé e débẹ̀.